Angélique Kidjo gba orin padà wálé, kò sì fi ìjà gbà á

Tí olórin kan bá ti gbé orin olórin mìíràn, tó tún un kọ, ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n á ní kò rí tuntun dá mọ́, àjẹkù ló ń jẹ. Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ ọ rí, bóyá ẹ tiẹ̀ ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí tí Angélique Kidjo fi ṣe àwo orin kan tó gbé jáde lọ́dún 2018, kò ní í tètè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tiwa-n-tiwa ni Angélique. Ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 1960 ni wọ́n bí i, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó ṣì ń jẹ́ Dahomey nígbà yẹn. Fọ̀n ni bàbá ẹ̀, ará Wídà. Yorùbá ni ìyá ẹ̀. Ìyá yìí ló ní ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, inú ẹgbẹ́ náà sì lọmọ ti ń kọrin, tó ń jó, láti bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́kùnrin dá ẹgbẹ́ olórin tiwọn sílẹ̀, orin James Brown àti tàwọn gbajúmọ̀ ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ń kọ. Òun náà gbájú mọ́ orin Miriam Makeba. Orin ẹlòmíì ló fi kọ́ṣẹ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ṣé kì í ṣe aṣọ tí ọ̀gá ti gé ló kọ́kọ́ ń rán ni?

Lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, wọ́n fẹ́ káwọn olórin máa fi ẹnu wọn polongo ìjọba. Angélique ò lè ṣe é. Ló bá sá kúrò nílé lọ́dún 1983, ó di Paris. Ìlú àjèjì yìí ló ti gbọ́ "Once in a Lifetime", orin ẹgbẹ́ Talking Heads láti Amẹ́ríkà, níbi pátì kan. Bó ṣe ròyìn ẹ̀ fáwọn akọ̀ròyìn nígbà tó yá, kò mọ ẹni tó kọrin náà, ṣùgbọ́n ó sọ fáwọn tó wà níbẹ̀ pé orin Áfíríkà lèyí. Wọ́n ní rárá o, orin rọ́ọ̀kì ni, pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà ò tíì gbé irú ẹ̀.

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Ọmọ tó fi bàbá àti ìyá sílẹ̀ sá wá sílùú onílùú, ohùn ilé kan ṣoṣo tó gbọ́, wọ́n ní kì í ṣe ohùn ilé.

Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló gba á. Inú àwo kan tí wọ́n ń pè ní Remain in Light, tó jáde lọ́dún 1980, lorin náà wà. David Byrne ló ń ṣáájú orin kíkọ nínú ẹgbẹ́ wọn, Brian Eno ló sì bá wọn darí iṣẹ́ àwo náà. Àwo Fela kan, Afrodisiac, tó jáde lọ́dún 1973, tí "Jẹun K'óo Kú" wà nínú ẹ̀, ni Eno àti Byrne ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Wọ́n wá ṣe bíi ti Fela: gìtá á máa sọ ohun kan náà lọ láì yí padà, ìlù náà á máa sọ tiẹ̀, wọ́n á wá máa to ọ̀kan lé ọ̀kan lórí, bí gúdúgúdú ṣe máa ń dúró sójú kan tí ìyáàlù á fi ráyè sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà gbé jáde lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọn ò lò tẹ́lẹ̀, "Fela's Riff" lorúkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, Byrne ò fi pamọ́. Nígbà tí àwo náà jáde, wọ́n kọ orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kà nípa orin Áfíríkà fáwọn akọ̀ròyìn.

Lọ́dún 2018, Angélique gbé gbogbo orin mẹ́jọ inú àwo yìí, ó tún wọn kọ látòkèdélẹ̀. Ó fi èdè ilé sí i, ó fi fèrè sí i. Ta ló tún lọ pè kó wá lùlù? Tony Allen! Ọkùnrin tó lùlù fún Fela nínú Afrodisiac, òun náà ló tún jókòó ti ìlù fún Angélique. Odò tó ṣàn gba Amẹ́ríkà lọ ló padà sí orísun yẹn. Ó sì dára tí wọ́n tètè ṣe é, torí Tony Allen kú sí Paris lọ́jọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2020.

Àwọn orin náà sì yí padà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ mú "Listening Wind". Byrne fi ṣe ìtàn ọkùnrin kan tí inú ń bí sí àwọn ará Amẹ́ríkà tó wá gba ìlú ẹ̀ kan. Nígbà tí Byrne ń kọ ọ́, ìtàn àjèjì ló jọ. Nígbà tí Angélique kọ ọ́, ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò ẹni bá ń sọ tẹnu ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá ta kókó rèé. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, orin tó bá ti jáde, ẹnikẹ́ni lè tún un kọ, bó bá ti san owó tó yẹ fẹ́ni tó ni ín. Àwọn tó kọ Remain in Light ní ẹ̀tọ́ sí owó lórí àwo Angélique. Fela ńkọ́? Òfin mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ orin, ó mọ ẹni tó ni ohùn orin, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ni irú ìlù. Kò sẹ́ni tó lè gba owó nílé ẹjọ́ pé ọ̀nà tóun ń gbà lùlù lẹlòmíì ń tọ̀. Gbèsè yẹn, ẹnu àti ìwà nìkan la fi ń san án. Byrne fi ẹnu san tiẹ̀. Angélique san owó fún Byrne, ó sì fi àga onílù san ti Fela.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀, ẹ gbọ́ ìyókù. Lọ́dún 2019, orin Celia Cruz, ọmọ Kuba, ló tún kọ, orin Yemọja wà nínú ẹ̀. Àwo náà gba Grammy lọ́dún 2020. Ó tún wá gbé Mother Nature jáde lọ́dún 2021, òun náà gba Grammy lọ́dún 2022, ó di márùn-ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin wa tẹ́ ẹ̀ ń gbé orin àwọn àgbà wọ sitúdíò, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó ni ín, ẹ sanwó ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá a fi nǹkan kún un. Ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà.