Ta Ni Ó Mú Ọmọ? Ìròyìn Ẹnu-Ọ̀nà Ọgbà Eré Kan

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ń ka ojú ewé yìí, bí ẹ bá ti kó ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta jáde rí ní ọjọ́ kan náà, a kò ní láti ṣe àlàyé púpọ̀ fún yín kí ẹ tó mọ ohun tí a fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa.

Ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ni a ń gbé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Màmá wá kí wa láti Abẹ́òkúta, a pinnu láti kó gbogbo ilé lọ sí ọgbà eré ńlá nì tí a ń pè ní Magic Kingdom, ní ẹ̀bá ìlú Orlando ní ilẹ̀ Flọ́rídà, èyí tí àwọn Disney ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í gbé ibì kan. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ oṣù 18. Owó àwọn ìbejì kò sí nínú ìṣirò, nítorí ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 3 kì í san owó ìwọlé níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n wọn ni a san, owó ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ eré inú ọgbà náà kọ́ ni a fẹ́ sọ. Àwọn tí ó ti lọ ti ròyìn ilé ọba tí ó wà láàrin rẹ̀ títí ó fi sú ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu-ọ̀nà ni tiwa, nítorí láti ìgbà tí a ti gbé ọkọ̀ wa kalẹ̀ títí gbogbo wa fi wọlé tó wákàtí kan àti ààbọ̀, inú wákàtí yìí sì ni ohun tí a kò lè gbàgbé ti ṣẹlẹ̀.

Kí a tó kúrò nílé ni wàhálà kẹ̀kẹ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò wa kan, ẹni tí inú rẹ̀ dára, fẹ́ yá wa ní irú kẹ̀kẹ́ onígun mẹ́rin tí a máa ń fà tẹ̀lé ara ẹni, tí ó lè gba ọmọ méjì pẹ̀lú ẹrù wọn. Nígbà tí a ka òfin ọgbà náà, a rí i pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni wọn kò ti jẹ́ kí irú rẹ̀ wọlé mọ́, àti pé kẹ̀kẹ́ ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju íǹṣì 31 lọ, kò sì gbọdọ̀ gùn ju íǹṣì 52 lọ. A wá ra òmíràn, èyí tí ìbejì lè jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Màmá mú okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò, ó sì wọ̀n ọ́n: íǹṣì 30. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ọmọlanke ni ẹ lọ rà yìí. Ẹrù kí ni ẹ fẹ́ kó?” Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì yọ ọ̀já jáde.

Inú àpótí yìí kan náà ni ó ti mú àdìrẹ aláró jáde, èyí tí ó ti fi rán aṣọ fún gbogbo wa, láti orí òun títí dé orí àwọn ìbejì. Kí ó tó jókòó sí ìsọ̀ ní Ìtòkú, òun fúnra rẹ̀ ti fi ọwọ́ bọ ìkòkò aró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí a má purọ́, a kùn. A ní ta ni ó ń wọ aṣọ ẹbí lọ sí ibi eré? Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá, a wọ̀ ọ́.

Nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni a dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ bí oko ọlọ́rọ̀, ọkọ̀ gígùn kan ni ó sì ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí ibùdó tí a ti ń bọ́ sí ojú omi. Òfin ọkọ̀ yìí ni pé kí a ká kẹ̀kẹ́ ọmọ kí a tó gbé e wọ̀ ọ́. Háà! A ti wọn kẹ̀kẹ́, a kò kọ́ bí a ti ń ká a. Ọ̀kan nínú wa tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ẹnìkejì fà á lókè, kẹ̀kẹ́ kò mira. A ti kà á rí pé oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Owen Maclaren, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ogun Spitfire, ni ó ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ tí a lè pa pọ̀ bí agboòrùn ní ọdún 1965, kí ìyá ọmọ lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ìmọ̀ yìí kò ràn wá lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí ó wà lẹ́yìn wa, tí òun náà gbé ọmọ lé èjìká, na ẹsẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ irin kékeré kan, kẹ̀kẹ́ sì wó lulẹ̀ wọ́rọ́ bí ẹran tí a pa. Ọkọ̀ méjì ti kọjá wa kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fi ń jà pẹ̀lú irin, Màmá ti pọn Kẹ́hìndé, ó ti jókòó, ó ń wò wá.

Ní ibùdó náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yẹ ẹrù wò. Àwa tí a ní ọmọ bẹ̀rù oúnjẹ wa jù, ṣùgbọ́n òfin wọn kò burú: a lè mú oúnjẹ wọlé fún ara wa àti fún ọmọ, bí kò bá ti sí ọtí líle níbẹ̀, tí kò sì sí ìgò, àyàfi ìgò kékeré tí a fi ń ta oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Màmá ti se mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀ṣọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan, gbé ọ̀kan sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì bi wá bóyá ó ní ata. A ní ó ní i. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sínú àpò.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó wà: ọkọ̀ tí ń sáré lókè lórí òpó irin kan ṣoṣo, àti ọkọ̀ ojú omi. A yan ọkọ̀ omi, nítorí pé a kò ní láti ká kẹ̀kẹ́ kí a tó wọ̀ ọ́. Bí a ti tì í ni a tì í wọlé. Ara tu Màmá nínú ọkọ̀ yìí ju ibòmíràn lọ. Ó ní ó dà bí ọkọ̀ tí òun máa ń wọ̀ láti Marina lọ sí Àpápá ní ìgbà ọmọge òun, àfi pé kò sí ẹni tí ń polówó ẹ̀pà níbẹ̀. A sọ fún un pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ adágún omi náà, àti pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n fi gbé ilẹ̀ ọgbà ga, nítorí ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ wà nísàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń rìn kiri nínú ọgbà náà, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó ń rìn láìmọ̀. Màmá ní, “Ẹ di ọmọ yẹn mú, ó ń wo omi.”

A dé ẹnu-ọ̀nà. Kò sí ilẹ̀kùn irin tí ń yí níbẹ̀, òpó kúkúrú ni wọ́n tò sílẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan a sì fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan orí òpó náà. Wọ́n tún ní kí àwa àgbàlagbà tẹ ìka lé gíláàsì kékeré kan, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ẹni tí ó ni tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń lò ó. Ti àwa méjì kọjá. Ti Màmá kò kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nu ọwọ́, ó tún un tẹ̀. Aró àti omi eérú ti jẹ ìlà orí ìka rẹ̀ tipẹ́. Obìnrin tí ó dúró ti òpó náà ní kò sí wàhálà, kí a sá mú ìwé tí ó ní àwòrán rẹ̀ wá.

Nísinsin yìí, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa di kẹ̀kẹ́ mú, Táyé sì wà nínú rẹ̀. Ẹnìkejì kúnlẹ̀, ó ń tú àpò kiri fún ìwé ìrìnnà Màmá. Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn Màmá. Ẹni tí ó di kẹ̀kẹ́ mú rò pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tú àpò ni àkọ́bí wà. Ẹni tí ń tú àpò rò pé ó di irin kẹ̀kẹ́ mú, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ.

Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún. Ìbùdó ọkọ̀ náà ni ó kọjú sí ènìyàn bí ó ti ń wọlé, ó wà lókè, abẹ́ rẹ̀ ni a sì ń gbà bọ́ sínú ọgbà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìṣeré. Ìlú Philadelphia ni a ti rọ wọ́n láàrin ọdún 1916 sí 1928, wọ́n sì ti fà ẹrù ní ilẹ̀ Mẹ́síkò kí wọ́n tó wá fa ọmọdé. Ọmọ wa kò mọ èyí. Èéfín ni ó rí.

Ẹ̀yin tí ọmọ ti sọnù mọ́ lọ́wọ́ rí, bí ó tilẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú kan, ẹ mọ bí etí ti ń di, tí ojú sì ń rí gbogbo ọmọ ayé àyàfi ọ̀kan. Ojú tì wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ọmọ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu wa. Ọ̀kan bi èkejì pé níbo ni ó fi ọmọ sí. Èkejì dáhùn pé òun náà fẹ́ bi í. Lẹ́yìn náà ni a tó sáré, ọ̀kan padà sí ọ̀nà omi, nítorí omi ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, ọ̀kan wọ inú èrò lọ. A fi Màmá sílẹ̀ ní ìdí òpó pẹ̀lú ìbejì méjèèjì. Kò sáré. Ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó dúró.

Ìṣẹ́jú méje ni aago wí. Òṣìṣẹ́ ọgbà kan, ìyá àgbàlagbà, ni ó rí ọmọ náà lábẹ́ ìbùdó ọkọ̀, tí ó gbé orí sókè tí ó la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í léèrè orúkọ. Ọmọ sọ orúkọ, ṣùgbọ́n kò mọ ti bàbá tàbí ti ìyá ju “Dádì” àti “Mọ́mì” lọ. Obìnrin náà gbé ojú sókè wo ẹnu-ọ̀nà, ó rí arúgbó kan tí ó dúró láìmira, tí ó pọn ọmọ, tí aṣọ tí ó wà lára rẹ̀ àti aṣọ tí ó wà lára ọmọ yìí jẹ́ ọ̀kan náà. Ó fà á lọ́wọ́ wá bá a. Nígbà tí àwa méjèèjì padà dé, tí òógùn bò wá, tí a kò lè wo ojú ara wa, ọmọ ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Màmá kò bá wa wí níwájú àlejò. Ó dúró títí a fi wọlé tán, tí a jókòó, kí ó tó sọ pé, “Ọwọ́ mẹ́rin ni ẹ ní, ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọlanke gba méjì, àpò gba méjì. Èwo ni ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ tí ń rìn?”

Àwa kò lérò bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìbejì ni a ti ń gbèrò fún láti oṣù kan: kẹ̀kẹ́ wọn, oúnjẹ wọn, ìgbà tí wọn yóò sùn. Èyí tí ó lè rìn, a ti kà á mọ́ àwọn tí ó lè ran ni lọ́wọ́, nígbà tí òun gan-an ni ó lè lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe é báyìí: kí a tó kọjá ẹnu-ọ̀nà kankan, ìbáà ṣe ti ọjà tàbí ti ibùdó ọkọ̀ òfurufú, olúkúlùkù a wí sókè ọmọ tí ó mú. Ẹni tí ó bá mú èyí tí ń rìn kò gbọdọ̀ gbé ohun mìíràn rárá. A sì kọ nọ́ńbà fóònù wa sí inú ọrùn ẹ̀wù ọmọ, nítorí bí ó bá jẹ́ inú ọgbà náà lọ́hùn-ún ni ó ti sọnù, ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni wọn ì bá mú un lọ, a kì bá sì ti mọ ibi tí a ó kọjú sí. Ní ti kẹ̀kẹ́, kí a má ṣe bú u jù. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, ẹ̀yìn Màmá ti ń ro ó, ó sọ Kẹ́hìndé kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì fi báàgì tirẹ̀ kọ́ irin rẹ̀. Kò pè é ní ọmọlanke mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a padà dé etí omi. Èrò pọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń tì wá síwájú bí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ èbúté. Nínú òkùnkùn ni a gbọ́ ohùn Màmá láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́: “Ta ni ó mú àgbà?”

“Èmi,” ni àwa méjèèjì dáhùn pọ̀. A bojú wolẹ̀. Ọ̀kan di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ọ̀kan di ti òsì, ó sì ti ń sùn lórí ìdúró.