Ọ̀nà Erin, Ọ̀nà Ọdẹ

Ọ̀nà inú igbó kì í ṣe ohun tí ìjọba là. Ẹsẹ̀ ló ń là á, ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ẹsẹ̀ ẹranko, ó sì máa ń ṣòro láti mọ èyí tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilẹ̀ Èkó ti parí tí ènìyàn sì dorí kọ igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ló la ọ̀nà tó gbòòrò jù. Erin a máa tọ ipa kan náà láti ìdí igi eléso dé etí odò, ọmọ á tẹ̀lé ìyá, títí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò fi le gbagidi. Ọdẹ tó bá bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pàdé kì í tún yọ àdá láti la òmíràn.

Lókè òkun, irú ọ̀nà báyìí ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn tó fi gígun òkè ṣe ìgbádùn. Wọ́n fẹ́ kí ẹranko padà sínú igbó, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹranko ti ọ̀nà mọ́ wọn. Ọgbà igbó ìjọba Yosemite ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti yéni jù. Oògùn kòkòrò DDT ti sọ èèpo ẹyin àṣá tí wọ́n ń pè ní peregrine di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹyin ń fọ́ kí ó tó pa. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fi máa fòfin de oògùn náà ní 1972, àṣá yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run níbẹ̀. Ní 1978, àwọn tó ń fi okùn gun àpáta El Capitan ló rí ìtẹ́ rẹ̀ kan. Àwọn agunkè náà ló bá àwọn onímọ̀ gbé ọmọ àṣá lọ sínú ìtẹ́ lórí àpáta tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè tó. Lónìí, bí àsìkò ìyé ẹyin bá dé, wọ́n á ti apá kan àpáta náà títí ọmọ yóò fi fò. Àwọn kan ń kùn. Àwọn mìíràn gbà, oṣù díẹ̀ ṣáà ni, àpáta kò sì níbi tó ń lọ. Ní Scotland ẹ̀wẹ̀, òfin 2003 gba gbogbo ènìyàn láàyè láti rìn kọjá lórí ilẹ̀ onílẹ̀ bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́; ní 2009, wọ́n kó ẹranko odò tó ń jẹ́ beaver wá síbẹ̀ láti Norway, nítorí pé àwọn baba ńlá wọn ti pa tiwọn tán.

Gbogbo àríyànjiyàn yìí gba ohun méjì gbọ́ láìsọ ọ́ jáde: pé ẹnì kan ló ń kó ẹranko wá, àti pé fàájì ni ẹni tó ń rìn bá dé inú igbó. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló kúkú dá iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹranko tó lórúkọ jù sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní 1911, ló dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ní 1990, ọgbà àjọ náà ní Lẹ́kì bẹ̀rẹ̀, hẹ́kítà 78, létí títì tó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Afárá tí wọ́n fi okùn ta sókè láàárín orí igi níbẹ̀ gùn ní mítà 401. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó, ibẹ̀ nìkan ni igbó tí wọn yóò wọ̀ láyé wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń san owó lẹ́nu géètì, pákó ni wọ́n ń tẹ̀, ọ̀nà náà á yí po, á sì dá wọn padà sẹ́nu géètì. Ilé ti yí ọgbà náà ká. Ọ̀bọ inú rẹ̀ kò ní igbó mìíràn tí yóò sá lọ.

Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ni Huraga, ẹni tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ Ẹ̀pẹ́ dó. Ìtàn irú èyí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá débi pé a kì í fetí sí i mọ́: ọdẹ tẹ̀lé ẹran, ó rí omi, ó padà lọ pe ìyàwó. Bí a bá fetí sí i, ohun tó ń sọ ni pé ojú ẹsẹ̀ ẹran ni títì àkọ́kọ́ ìlú. Ọdẹ tó ń fi iná kábáìdì síwájú orí rìn lóru kò ní àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́. Ó mọ ìdí igi tí èso ti já lọ́sẹ̀ yẹn, ó mọ ibi tí omi ń gbẹ sí lẹ́ẹ̀rùn, ó ń ṣẹ́ ewé sílẹ̀ kí ẹni ẹ̀yìn lè mọ̀ pé pàkúté wà níwájú. Irú ìmọ̀ yìí ni Òyìnbó ń sanwó kọ́. Ó ya ni lẹ́nu pé ìlú tó ń yin ọdẹ nínú oríkì náà ló ń pe ọmọ ọdẹ ní olè igbó. Kì í ṣe láìnídìí o: ẹran ìgbẹ́ wà lórí àtẹ ní ọjà Ẹ̀pẹ́ títí dòní, akíka sì ń wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ti wà láti 1985 tó dáàbò bo irú ẹranko bẹ́ẹ̀.

Igbó ọba ni Omo láti 1925. Ní 1977 UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve. Orúkọ pọ̀ fún un ju ìṣọ́ lọ. Àwọn agégi wọ̀ ọ́, àwọn olóko kòkó tẹ̀lé wọn, ìjọba gbin igi gẹmẹ́línà lọ bẹẹrẹ láti fi ṣe pépà ní ilé iṣẹ́ Iwopin, títì Ṣàgámù sí Benin sì là á kọjá. Erin igbó, tí àwọn onímọ̀ kéde ní 2021 pé ó wà nínú ewu ìparun tó ga jù, ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ Itasin Imobi, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rí erin nínú oko wọn. Ẹnikẹ́ni kò kó wọn wá. Ẹ̀rù ń ba àgbẹ̀, ó sì tọ́ kó bà á: erin tó bá wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sábà fi nǹkan kan sílẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Níbí ni ìbéèrè àwọn agunkè ti yí padà. Bóyá kí a dá ẹranko padà kọ́ ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́, nítorí ẹranko náà ti ń rìn bọ̀ fúnra rẹ̀. Ta ni ọ̀nà yóò tì mọ́? Agunkè tí wọ́n ti àpáta kan mọ́ lè gun òmíràn, tàbí kó padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí ògiri ẹ́súteètì tí wọ́n ń kọ́ lágbègbè Ẹ̀pẹ́ bá dúró láàárín erin àti odò, oko ẹlòmíràn ni erin máa gbà. Kì í tún ọ̀nà yàn bí ẹni tó ń wá fàájì. Ibi tí ìyá rẹ̀ gbà ló mọ̀. Nítorí náà ìdínà ni orísun ìjà àgbẹ̀ àti erin, ju pípọ̀ erin lọ.

Díẹ̀ lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ erin ní Omo báyìí ti ṣe ọdẹ rí. Ojú ọ̀nà erin tí wọ́n ti mọ̀ látijọ́ ni wọ́n ń tọ̀, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ ara igi sì ń ya ohun tó bá kọjá. Ìmọ̀ wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀. Sọ̀fẹ́yọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ máa ń fi ààyè sílẹ̀ fún wáyà iná ńlá àti fún ojú àgbàrá. Kò ṣòro láti mú ọdẹ kan dání kí ó tó ri òpó, kí ó bi í léèrè ibi tí erin ń gbà.