Ènìyàn Ni Ọ̀ṣọ́ Ilé ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ìgbà ìwọ́wé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń bi wá. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ kò tíì rí irú àkókò bẹ́ẹ̀ rí, òun ni ó wà láàrin ìgbà ooru àti ìgbà òtútù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà. Láti ìgbà náà lọ ni òkùnkùn yóò máa bù lára ọ̀sán jẹ lójoojúmọ́. Ní ìpínlẹ̀ Maryland tí à ń gbé, bí wọ́n bá ti dá aago padà sẹ́yìn ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní oṣù Kọkànlá, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ní àkókò yìí ni àwọn aládùúgbò wa máa ń ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn a to elégédé sí ẹnu ọ̀nà, wọn a so pòròpórò àgbàdo mọ́ òpó, wọn a sì tẹ́ aṣọ nínípọn sórí àga. Àwọn ará ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ilé onígbàgbọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìbọ̀rìṣà ni. Àwọn mìíràn ní owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé kò tíì tó, kí ni a fẹ́ fi elégédé ṣe lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá elégédé láre. Oúnjẹ ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń sè é. Èyí tí wọ́n fín ojú àti eyín sí lára, tí wọ́n tan àbẹ́là sí nínú, ti alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni. Àwọn ará Ireland ni wọ́n mú àṣà náà wá sí Amẹ́ríkà, ìdílé wa kì í sì í dá sí i. Ṣùgbọ́n elégédé tí a kò fi ọ̀bẹ kàn, irè oko lásán ni. Ó lè wà lẹ́nu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìbàjẹ́, nígbà tí èyí tí wọ́n fín a máa rà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá yá, a ó là á, a ó sè é, a ó sì fi iyọ̀ díẹ̀ yan irúgbìn rẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra fún àwọn kékeré aláràbarà tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ nìkan: èyí tí ó bá korò lẹ́nu, ẹ má ṣe jẹ ẹ́.

Ṣé a ti gbàgbé Ìkórè ni? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, ẹ rántí bí a ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ, ìrèké, odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu ṣe ilé Ọlọ́run lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1843 ni àlùfáà kan, Robert Stephen Hawker, pe ìjọ rẹ̀ ní Morwenstow, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wá dúpẹ́ ìkórè ní ìgbà ìwọ́wé, ibẹ̀ ni ìsìn Ìkórè òde òní ti gbilẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, nínú Léfítíkù orí 23, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pàṣẹ kí Ísírẹ́lì mú ẹ̀ka igi dídára àti imọ̀ ọ̀pẹ nígbà tí wọ́n bá kó irè oko jọ. Deutarónómì 16:14 sì dárúkọ àwọn tí wọn yóò jọ yọ̀: ọmọ, ìránṣẹ́, àlejò, aláìníbaba àti opó. Ọ̀ṣọ́ àti àlejò jọ ń rìn ni.

Nínú ilé tiwa, ọ̀ṣọ́ yìí kì í gba owó púpọ̀. Àwọn ọmọ a ṣa ewé igi maple àti igi oak tí ó ti wọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sáàrin ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó gbé ìwé wíwúwo lé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà a ó fi òwú so wọ́n kọ́ ojú fèrèsé. A ń kọ́ wọn pẹ̀lú pé, bí ọ̀sán ti ń kúrú, àwọ̀ tútù ara ewé ni ó ń parẹ́, àwọ̀ ìyeyè tí à ń rí ti wà lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Orí àga, aṣọ òkè ni a máa ń tẹ́. Sányán àti àlàárì tí à ń kó pamọ́ sínú àpótí, àwọ̀ ìgbà ìwọ́wé gan-an ni wọ́n! Èèpo ọsàn, atalẹ̀ àti kànáfùrù nínú ìkòkò omi lórí iná kékeré a máa mú kí gbogbo ilé ta sánsán, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkòkò náà sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tan àbẹ́là, kí ó jìnnà sí aṣọ fèrèsé àti ewé gbígbẹ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn.

Ìyá àgbà kan wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú ìjọ wa láti Ìbàdàn. Ọmọ àti ọkọ rẹ̀ a lọ sí iṣẹ́ láàárọ̀, màmá a sì jókòó ti fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lọ́jọ́ kan wọ́n béèrè pé, "Ṣé àwọn igi yìí ń kú ni?" Ọmọ wọn dáhùn pé, "Rárá o, Màámi, wọ́n ń sinmi ni." Ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú ìyá òun ti wú fún ẹkún. Ó gbé àga màmá kúrò lójú fèrèsé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó tẹ́ àlàárì wọn sórí rẹ̀, ó ra fìtílà oníná pẹ́lẹ́ kan, ó sì gbé elégédé kan fún wọn pé kí wọ́n kọ́ ọmọ-ọmọ wọn bí a ti ń sè é. Nígbà tí ó jinná, wọ́n bù fún opó ará Amẹ́ríkà tí ń dá gbé lódì kejì. Opó náà da abọ́ padà fúnra rẹ̀, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì kì í kọjá kí ó má wá. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń so ewé mọ́ òwú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: màmá padà sí Ìbàdàn nínú oṣù Kejìlá bí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sunkún nírọ̀lẹ́ mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Àwọn àgbà ní ènìyàn a máa boni lára ju aṣọ lọ. Ẹ má bá aládùúgbò du iye elégédé. Ẹ wo inú ilé: ta ni ó ń dá jókòó nínú òkùnkùn? Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹbí nítòsí, ẹ wá opó, ẹ wá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ sì fi àga kan sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín.

Kí Olúwa tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé yín, kí òtútù ọdún yìí má ṣe bá ẹnikẹ́ni nínú wa ní òun nìkan. Àmín.