Àwòrán 245

Iléeṣẹ́ kan ní kí n kọ áàpù kékeré kan wá, káwọn fi dán mi wò. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó tì í. Títí dòní, wọn ò fèsì.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn Crystal Palace fi ká mi lára. Ní 1850, wọ́n kéde ìdíje ní Lọ́ńdọ̀nù: ta ló máa ya àwòrán ilé àfihàn ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Hyde Park? Àwòrán 245 ló wọlé. Ìgbìmọ̀ kọ gbogbo ẹ̀ pátá, wọ́n wá jókòó ya tiwọn. Bíríkì ni, ó rí wúruwùru, aráàlú sì bú u.

Joseph Paxton, olùtọ́jú ọgbà tí kò sí nínú ìdíje yẹn rárá, ló padà gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú ilé onírin àti gíláàsì. Ó dáa, mi ò jiyàn. Wọ́n ṣí i ní oṣù Karùn-ún 1851.

Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé nínú àwọn 245 yẹn, Horeau ará Faransé àti Turner ará Dublin ti ya ilé onírin àti gíláàsì? Ìgbìmọ̀ yìn wọ́n gan-an. Ìyìn náà ni wọ́n gbé lọ sílé.

Èmi ò tiẹ̀ rí ìyìn gbà.