Ọ̀rá, Kẹ́ẹ̀gì, Àkìtàn

Lọ́jà Ilé-Epo ní Òkè-Odò, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun tètè pọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Gáàsì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú jáde ló sé mọ́bẹ̀ yẹn. Ethylene ni. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n á fi di ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún fún oníbàárà.

*

Ethylene ti iléeṣẹ́ kì í ti ara èso wá. Ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí Indorama ti ra iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2006, ara ohun tó bá gáàsì ilẹ̀ wá ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n á da ethane, ọ̀kan nínú ohun tó bá gáàsì wá náà, pọ̀ mọ́ oru omi, wọ́n á rán an gba inú ọ̀pá iná ìléru kọjá, níbi tó ti gbóná tó 800 sí 850 Celsius. Kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan níbẹ̀ kí wọ́n tó tù ú kíákíá, torí bó bá pẹ́ jù, èédú ló ń dà. Háídrójìn méjì á já kúrò; á wá ku kábọ́ọ̀nù méjì tó fi ọwọ́ méjì di ara wọn mú. Ọwọ́ kan nínú méjèèjì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yòókù dá lé. Bí wọ́n bá mú kó tú, á di ẹlòmíràn mú, onítọ̀hún á tún di ẹlòmíràn mú, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún á fi so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n.

*

Ní 1933, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ti iléeṣẹ́ ICI ní England fún ethylene mọ́ inú irin pẹ̀lú agbára tó ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti afẹ́fẹ́ ayé lọ. Ohun funfun kan bí ìda ni wọ́n bá níbẹ̀: ẹ̀wọ̀n ethylene náà nìyẹn. Wọ́n tún un ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà tó di 1935 ni Michael Perrin, ti ICI bákan náà, rí i dì mú: ọ́ksíjìn bíńtín tó ráyè wọlé ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

*

Karl Ziegler ará Jámánì fi àpòpọ̀ titanium àti aluminium ṣe irú ẹ̀wọ̀n yìí ní 1953, láìfi agbára fún un mọ́ra. Ẹ̀ka pọ̀ lára ẹ̀wọ̀n ti ICI, kò lè sún mọ́ra. Ti Ziegler gún gbọọrọ. Ìyẹn wà lára ìdí tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa fi ń dá dúró, tí ọ̀rá tó rọ̀ sì ń wó lulẹ̀.

*

Kòkòrò inú ilẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ibi bu ẹ̀wọ̀n yìí jẹ. Mo fara mọ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó ka ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léèwọ̀ láti July 1, 2025. Lórí àkìtàn, kẹ́ẹ̀gì ni baba bólà ń ṣà, kì í ṣe ọ̀rá. Bó bá ṣa ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ọgọ́rùn-ún, kò tíì pé kílò kan.