Géètì Màmá Mi
Orúnkún kò jẹ́ kí màmá mi lè máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá ṣí géètì mọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò sì bá Home Assistant, ètò tí mo fi ń darí iná ilé, ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo so rílè kékeré kan, tí ESP32 ń darí, mọ́ wáyà méjì ẹ̀yìn bọ́tìnnì géètì. Bí màmá bá tẹ fóònù wọn, rílè yóò so wáyà méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 1. Lójú ẹ̀rọ àtijọ́ náà, ọwọ́ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́. N kò jẹ́ kí géètì dá ṣí o: màmá gbọ́dọ̀ yọjú lójú fèrèsé ná. Lánàá, wọ́n ní kí n ṣí fìlà, kí àwọn rí ojú mi dáadáa.