Láti Hampton Court dé Versailles Nítorí Ògiri Kan

Ìyá kan tó ń gbé ní Peckham, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ní kí n bá àwọn tún pálọ̀ àwọn ṣe. Ògiri kan wà níbẹ̀ tó ga, tó sì fẹ̀, ìyá ò sì fẹ́ fọ́tò tàbí dígí síbẹ̀. Aṣọ ògiri ló wù wọ́n, irú èyí tí àwọn ọba Yúróòpù fi bo ààfin wọn nígbà Baroque, tí wọ́n hun ìtàn àwọn akọni Gíríìkì àti Róòmù sí. Ojúlówó kọjá agbára wa. Èyí tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sórí aṣọ lọwọ́ wa ká. Ṣùgbọ́n n kì í yan nǹkan ara ògiri láti ojú fóònù. Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo àwọn tí wọ́n fọwọ́ hun.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, mo sọ̀ ní Hampton Court, mo gba orí afárá odò Thames bọ́ sí ààfin. Nínú Queen's Gallery, ìtàn Alexander ọba Makedóníà ló bo ògiri. Ilé iṣẹ́ Judocus de Vos ní Brussels ni wọ́n ti hun ún. Mo dúró pẹ́ níbi tí Alexander ti ń wọ Bábílónì nínú kẹ̀kẹ́ tí erin ń fà. Mo wá kíyè sí ewé inú àwọn aṣọ náà. Aró ló jọ, kò jọ ewé. Kì í ṣe àṣìṣe ahunṣọ. Láyé ìgbà yẹn, aró àti yẹ́lò ni wọ́n ń pa pọ̀ sára òwú kó tó di àwọ̀ ewé, yẹ́lò ló sì kọ́kọ́ máa ń ṣá bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á. Ẹ̀yìn irú aṣọ bẹ́ẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé, àwọ̀ ewé ṣì máa ń wà níbẹ̀ kedere. Àwọn atẹ̀wé kan a máa fi kọ̀ǹpútà dá àwọ̀ ewé náà padà. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí aṣọ náà ni aró yẹn.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú jù ni ọ̀nà tí àwọn ìtàn náà gbà dé Brussels. Charles Le Brun, ayàwòrán Louis Kẹrìnlá ọba Faransé, ló yà wọ́n. Àwọn tó gùn jù lé ní mítà 12, Louvre ni wọ́n wà lónìí. Ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ káàkiri? Gérard Audran àti Gérard Edelinck fín wọn sára bàbà, wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí bébà, bébà yẹn ló sì rin ìrìn àjò. Òun ni àwọn ahunṣọ Brussels ń wò hun tiwọn. Àwọn tó ń sọ fún mi pé aṣọ títẹ̀ ò yẹ pálọ̀ ẹni iyì, ẹ gbọ́ o: àwòrán títẹ̀ ló bí aṣọ tó wà ní ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Láti Lọ́ńdọ̀nù, mo gba abẹ́ òkun lọ sí Paris, ó di Gobelins. Colbert, mínísítà Louis, ló kó àwọn ahunṣọ jọ síbẹ̀ fún ọba ní 1662. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Le Brun di olórí wọn, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1690. Wọ́n ṣì ń hun aṣọ níbẹ̀ dòní. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn òfì tó dúró gbọnrangandan, ẹ̀yìn aṣọ ló kọjú sí i. Ó fi ìka ya òwú sọ́tọ̀, ó ki ọ̀pá kékeré tí wọ́n ká òwú mọ́ bọ àárín, ó fi ẹnu ṣóńṣó ọ̀pá náà ti òwú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọjú láàárín òwú wo dígí tó wà níwájú, kó lè rí ojú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo àkókò tí a fi dúró, n ò rí i kí aṣọ náà ga sí i.

Ní Versailles, nínú Salon de Mars, mo rí àwòrán tí Le Brun ya nípa àgọ́ Dáríúsì. Alexander ti ṣẹ́gun Dáríúsì ọba Páṣíà, òun àti Hephaestion ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí ìdílé Dáríúsì. Ìyá Dáríúsì ṣi Hephaestion mú fún ọba, ó kúnlẹ̀ fún un. Nígbà tí ojú ń ti ìyá náà, Alexander pè é ní ìyá, ó ní kó má bínú, Alexander ni èkejì òun náà. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá ní Peckham. Kíá ni wọ́n dáhùn pé ogun ò wù àwọn ní pálọ̀, èyí tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà ni kí n mú wá.

Orí àrán ni a tẹ àgọ́ Dáríúsì tí wọ́n hun sí, nítorí bébà a máa dán, iná pálọ̀ a sì máa kọ mànà lójú rẹ̀. N ò jẹ́ kí wọ́n gé ọnà etí rẹ̀ kúrò, bí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ti máa ń ṣe kí ojú Alexander lè tóbi. A rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn orí rẹ̀, a ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, a gbé e kọ́ sí ògiri tí fèrèsé ò kọjú sí.

Ní báyìí, ìyá ti ń bèèrè èyí tó máa lọ sí yàrá ìjẹun. Ìtàn Achilles, akọni Gíríìkì, tí ayàwòrán Rubens yà ló wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra. Òfì Brussels, títẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, àwòrán á wà lábẹ́ òwú, ẹ̀yìn aṣọ á wà lókè. Bí wọ́n bá yí i padà, ọ̀tún á ti di òsì. Rubens mọ èyí, ìyẹn ló jẹ́ kó máa fi ohun ìjà sí ọwọ́ òsì àwọn èèyàn rẹ̀ nínú èyí tó kùn fún wọn. Èyí tó kùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ tà bí ẹni pé aṣọ ni. Mo ti sọ fún atẹ̀wé wa pé èyí tí Achilles ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa idà yọ sí Agamemnon ni mo fẹ́, pẹ̀lú ọnà etí rẹ̀ ní pípé.